Ọ̀wọ̀ àgbà ń bẹ nínú èdè Túrkì

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń lọ kàwé lórílẹ̀-èdè Túrkì, ẹ sọ fún un kó tètè mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin 'sen' àti 'siz'. 'Sen' ni ìwọ, 'siz' ni ẹ̀yin. Bíi tiwa, ẹ̀yin yìí náà ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà tàbí àlejò kan ṣoṣo.

'Ben' ni èmi, 'biz' ni àwa, 'onlar' ni àwọn. 'O' sì ni òun, ì báà jẹ́ ọkùnrin, obìnrin tàbí ẹran, gẹ́gẹ́ bí 'ó' tiwa.

Ọ̀rọ̀ ìṣe ló máa ń gbẹ̀yìn gbólóhùn. 'Mo mu omi' ni 'Ben su içtim', ìyẹn 'èmi omi mu'.

Iwájú ọ̀rọ̀ ni ọ̀wọ̀ tiwa wà, ẹ̀yìn ni tiwọn. 'Hoş geldin' ni káàbọ̀, 'Hoş geldiniz' ni ẹ káàbọ̀. Ọmọ tó bá gbàgbé 'iz' yẹn níwájú olùkọ́ rẹ̀ ti rí àgbà fín.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ Túrkì ló ń sọ 'sen' fún ìyá tó bí wọn, kì í sì í ṣe àfojúdi lójú wọn. Ẹ ṣáà kìlọ̀ fún tiyín kó má gbé ìyẹn wálé.