"Má ṣe é" nìkan kò tó ọmọ Òṣòdì

Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ afárá Òṣòdì nírọ̀lẹ́ yóò rí wọn: ọmọdékùnrin tó rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà dánfó, tó ń pariwo "Ìsọlọ̀! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!", àti ọmọbìnrin tó gbé omi inú ọ̀rá rù, tí dírẹ́bà kan ń ra omi lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ tí kì í gba ṣéńjì. Inú ṣéńjì tí kò gbà yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ́jọ́ kan, dírẹ́bà náà yóò ní kí ọmọ náà wá fi ara rẹ̀ san án.

Ìjọba Èkó mọ̀ nípa ewu yìí. Láti 2003 ni wọ́n ti fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú àjọ Action Health Incorporated láti máa kọ́ àwọn ọmọ girama kékeré ní ẹ̀kọ́ ìgbé ayé ẹbí àti HIV. Àmọ́ ẹni tó wà ní kíláàsì ló ń gbọ́ ọ. Ọmọ tó ń ṣe kọ̀ńdọ́kítọ̀ láti ìdájí kò sí níbẹ̀.

Ìwàásù kọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ọgbọ́n àtikọ̀ fún irú dírẹ́bà bẹ́ẹ̀. Ṣíṣe ni wọ́n ń ṣe é bí eré. Ọmọ kan á ṣe bíi dírẹ́bà: "Àbúrò, gbogbo owó tí mo ti fún ẹ ńkọ́?" Nígbà àkọ́kọ́, èkejì á rẹ́rìn-ín, á wolẹ̀. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn á jáde: "Ẹ má bínú, bọ̀dá. Ṣéńjì yín rèé. Mi ò lọ síbì kankan." Àwọn tó ń wò á dá sí i: ta ni kó pè, ọ̀nà wo ni kó gbà? Wọ́n á tún sọ fún un pé lábẹ́ òfin Èkó, ẹ̀wọ̀n gbére lè ni ti àgbàlagbà tó bá bá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtó máa ń wọlé. Ní 2004, ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà, onímọ̀ ọrọ̀ ajé Pascaline Dupas jẹ́ kí wọ́n fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé HIV pọ̀ lára àwọn àgbà ọkùnrin ju lára àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ. Láàárín ọdún kan, oyún àwọn ọmọbìnrin náà fi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ẹ̀kọ́ ìjọba tó kàn ní kí wọ́n pa ara wọn mọ́ kò dín oyún kù.

Ti àwọn ọkùnrin ńkọ́? Ní Monrovia, olú ìlú Làìbéríà, olùṣèwádìí Christopher Blattman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa àwọn ọkùnrin 999 tó ń jalè tàbí ta oògùn olóró, àmọ́ ẹni ọdún 18 sí 35 ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọdé. Àwọn kan gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lórí ìkóra-ẹni-níjàánu, àwọn kan gba 200 dọ́là, àwọn kan gba méjèèjì. Kí ọdún kan tó pé, ipa ẹ̀kọ́ nìkan ti ń rọ. Ní ti àwọn tó gba méjèèjì, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìwà ọ̀daràn wọn ṣì fi nǹkan bí ìdajì kéré ju ti àwọn tí kò gba ohunkóhun lọ. Owó náà kò sì sọ wọ́n di olówó! Ó jọ pé àyè ló fún wọn láti fi ìwà tuntun dánra wò.

Àwọn kan ti ń wá àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ: eléré chess Tunde Onakoya àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Chess in Slums Africa, ti gbé chess lọ bá àwọn ọmọ abẹ́ afárá Òṣòdì. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé ibi tí ọmọ wà ni wọ́n lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ọgbọ́n àtikọ̀ yẹn níbi tí wọ́n wà, ní Ìsọlọ̀, ní láti ka owó òòjọ́ ọmọ mọ́ ìnáwó. Ọmọ tí wọ́n ń retí owó lọ́wọ́ rẹ̀ nílé kò ní jókòó wákàtí méjì lọ́fẹ̀ẹ́, ìyá rẹ̀ ló sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá.