Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bí a ṣe ń yẹ Ìjàpá àtijọ́ wò ká tó rà á

Ẹ̀yin ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, bí Volkswagen Ìjàpá tí wọ́n gbé tì sẹ́yìn ilé bá wù yín láti sọ dọ̀tun, ẹ má tíì sanwó. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Ọjọ́, l'Ékòó níbí. Ọjọ́ ti lọ lórí irin rẹ̀.

Irin yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ gbé àga ẹ̀yìn sókè: abẹ́ ibẹ̀ ni bátìrì ń gbé, ásíìdì rẹ̀ ló sì máa ń jẹ ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún un. Bó bá wọlé, owó jórinjórin yóò pọ̀. Ibẹ̀ náà ni nọ́ńbà ṣáásí wà. Ó gbọ́dọ̀ bá ìwé ọkọ̀ mu. Ẹ gbé òòfà kékeré káàkiri ara ọkọ̀ náà. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, fílà tí wọ́n fi dí ihò ló wà lábẹ́ ọ̀dà.

Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò ní rédíétọ̀. Ẹ di púlì ìsàlẹ̀ mú, kí ẹ fà á síwá sẹ́yìn: bó bá ń dún kọ̀, kọ̀, bíárìn ti jẹ. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù, ẹ́ńjìnnì ṣeé tú tò. Ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládípọ̀ kò jìnnà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń ta ẹ̀yà Ìjàpá. Nítorí náà, èyí tí fẹ́ńdà, gíláàsì àti ilẹ̀kùn rẹ̀ pé ni kí ẹ mú, kódà kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú.