Bí A Ṣe Ń Dá Ekurá Ayé Àtijọ́ Mọ̀, àti Orúkọ Tí A Ó Pè É

Ẹja tí ó kú sínú ẹrẹ̀, tí ẹrẹ̀ náà sì di òkúta, a máa fi egungun sílẹ̀ fún ẹni tí yóò wá a rí. Ti ekurá kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó gbé ara rẹ̀ ró rọ̀ bí èyí tí ó wà nínú etí àti ṣóńṣó imú ènìyàn, a sì sábà máa jẹrà kí ó tó di òkúta. Eyín rẹ̀ ni ó le. Bí ọ̀kan ti ń bọ́ ni òmíràn ń rọ́pò rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ekurá kan ṣoṣo fi lè fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún eyín sílẹ̀.

Ní 1666, wọ́n gbé orí ekurá ńlá kan tí wọ́n mú nítòsí Livorno, ní Ítálì, fún oníṣègùn ọmọ Dẹ́ńmáàkì, Niels Stensen. Ó rí i pé eyín rẹ̀ jọ àwọn òkúta onígun mẹ́ta ti erékùṣù Malta, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní òkúta ahọ́n. Ní 1667, ó tẹ̀ ẹ́ jáde pé eyín ekurá ni wọ́n.

Lára eyín, a máa ń wo orí, gbòǹgbò àti etí rẹ̀: ṣé ó dán ni, àbí ó rí ságaságá bí ayùn? Ṣùgbọ́n eyín iwájú kì í jọ ti ẹ̀yìn, ti òkè kì í sì í jọ ti ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ lè fún ẹja kan ní orúkọ méjì tàbí mẹ́ta. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Oríkèé eegun ẹ̀yìn náà a máa le díẹ̀. Ó rí roboto, ó sì jinnú níwájú àti lẹ́yìn, bí àwo méjì tí a kọ ẹ̀yìn wọn síra. A máa ń ka ìlà inú rẹ̀ bí a ti ń ka ti igi gbígé. Ní 2021, àwọn onímọ̀ ka ìlà 46 nínú oríkèé megalodon kan tí ó wà ní Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n sì ní ọdún 46 ni ó lò láyé.

Àpẹẹrẹ tí ó wù mí jù ni Ptychodus. Louis Agassiz ni ó sọ ọ́ lórúkọ náà láàárín 1830 sí 1840, láti inú èdè Gíríìkì: eyín híhunjọ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Eyín náà pọ̀, ṣùgbọ́n a kò mọ ara tí ó ni ín. Nítorí pé eyín pẹlẹbẹ dára fún fífọ́ ìkarahun, ọ̀pọ̀ gbà pé ìsàlẹ̀ omi ni ẹja náà ń gbé, tí ó ń fà nílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ní 2024, àwọn onímọ̀ ṣàpèjúwe odindi ara rẹ̀ láti inú òkúta Vallecillo, ní Mẹ́síkò, tí ó ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 93 ọdún. Lẹbẹ àti ìrù rẹ̀ fi hàn pé asáré inú omi ni, ìbátan ekurá funfun ńlá òde òní.

Ohun tí olùkọ́ èdè yóò ṣàkíyèsí nìyí: orúkọ náà kò yẹ̀, nítorí ohun tí ojú rí nìkan ni ó sọ. Ara tí àwọn ènìyàn fi kún un ni ó yẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fara mọ́ “ekurá eléyín híhunjọ” ju pé kí ọmọ há Ptychodus sórí láìmọ ohun tí ó ń wí. Èdè Haúsá àti ti Ígbò náà kò ní ṣàì ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí ó hunjọ. Ní Kpogamé, ní Tógò, níbi tí wọ́n ti ń wa fọ́sífétì, eyín ekurá ayé àtijọ́ wà nínú ilẹ̀. Bí olùkọ́ bá rí ọ̀kan mú wọ kíláàsì, kí ó má tíì dárúkọ rẹ̀. Kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ fi èdè wọn sọ bí etí rẹ̀ ti rí.