Ọjọ́ Orí Dáàmù Kainji àti Ààbò Àwọn tí ń Gbé Ìsàlẹ̀ Odò Ọya

Ìfáàrà
Ọdún 1964 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí dáàmù Kainji, a sì ṣí i ní 1969. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara ni ilẹ̀ Borgu wà títí di 1991 tí a fi dà á pọ̀ mọ́ Ìpínlẹ̀ Niger. Èsìẹ́ àti Òmù-Àrán kò sí létí Odò Ọya, ṣùgbọ́n ará ìpínlẹ̀ kan náà ni wọ́n pẹ̀lú àwọn ará Jebba, Lafiagi àti Pategi, tí omi Kainji ń gba iwájú wọn kọjá. Ṣé ọjọ́ orí nìkan ni ó ń sọ dáàmù di ewu?

Ara Dáàmù
Dáàmù Kainji kì í ṣe ògiri kan ṣoṣo. Kọnkéré ni àárín rẹ̀, níbi tí ilé ẹ̀rọ àti àwọn ilẹ̀kùn omi wà. Òkúta àti erùpẹ̀ tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣinṣin ni apá rẹ̀ méjèèjì. Ibi tí ó ga jù lọ lé ní mítà 65. Bí omi bá tilẹ̀ ṣàn gba orí kọnkéré, kì í sábà wó lójú ẹsẹ̀. Ti erùpẹ̀ yàtọ̀: omi tí ó bá gba orí rẹ̀ yóò máa wọ́ ọ lọ, èyí tí ó bá sì rí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ nínú rẹ̀ yóò máa kó erùpẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń wọn omi tí ń sun lẹ́yìn dáàmù. Bí ó bá mọ́, tí kò sì pọ̀ sí i, kò sí ìfòyà. Bí ó bá di ẹrẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Dáàmù méjì tí ó wó lóru ọjọ́ kan ní Derna, ní Libya, ní oṣù kẹsàn-án 2023, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì bá a lọ, àwọn ọdún 1970 ni a kọ́ wọn. Dáàmù Alau, tí ó ya ní oṣù kẹsàn-án 2024 tí omi fi bo Maiduguri, àwọn ọdún 1980 ni tirẹ̀. Àbúrò Kainji ni gbogbo wọn. Iṣẹ́ àtúnṣe tí a gbé fún agbaṣẹ́ṣe ní Derna kò parí kí rògbòdìyàn 2011 tó dé.

Omi Funfun àti Omi Dúdú
Ẹ̀ẹ̀mejì ni odò ń kún lọ́dún ní Kainji. Omi funfun, ẹlẹ́rẹ̀, ń ti ara òjò àgbègbè wá láàrin oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá. Omi dúdú ń bọ̀ láti orí òkè Guinea; ó ń rìn gbẹ̀rẹ̀ nínú àbàtà Mali, ó ń fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó tó dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Olùṣàkóso ń fẹ́ kí adágún kún nítorí iná. Ìkún omi ń fẹ́ àyè tó ṣófo. Bí adágún bá tètè kún, tí òjò kò sì dáwọ́ dúró, ilẹ̀kùn ni a ó ṣí. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní 1999, tí omi láti Kainji àti Jebba gba oko àti abúlé lọ. Dáàmù kankan kò wó. Adágún Jebba, tí a ṣí dáàmù rẹ̀ ní 1985, kéré púpọ̀ sí ti Kainji. Kò lè dá ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá tú sílẹ̀ dúró pẹ́.

Ẹ̀rọ tọ́báìnì mẹ́jọ, tí àpapọ̀ agbára wọn jẹ́ mẹ́gáwáàtì 760, ni a fi sí Kainji. Àwọn ènìyàn a máa ka ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ sí ọ̀rọ̀ iná nìkan. Ṣùgbọ́n omi tí ìbá gba inú ẹ̀rọ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ ní láti gba ẹnu ilẹ̀kùn nígbà tí adágún bá kún. Ilé iṣẹ́ aládàáni, Mainstream Energy Solutions, ni ìjọba fa àkóso Kainji àti Jebba lé lọ́wọ́ ní 2013. Lọ́wọ́ àgbẹ̀ onírẹsì ní Pategi, ìkìlọ̀ tí ó dé kí a tó ṣí ilẹ̀kùn ṣe pàtàkì ju iye ọdún tí kọnkéré ti lò.