Gòjé Olókùn Mẹ́rin: Túndé Jẹ́gẹ́dẹ́ àti Àwọn Ọmọ Wa ní Highbridge

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò jẹ mọ́ ìwé ìgbélùú, kò sì jẹ mọ́ owó ilé. Ọ̀rọ̀ orin ni. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà kan ọmọ yín.

Bí wọ́n bá wọlé ẹ̀kọ́ ní oṣù kẹsàn-án, ilé ẹ̀kọ́ tó bá ní ẹgbẹ́ olórin á fún àwọn ọmọ ní ìwé kan pé kí wọ́n mú u wálé kí òbí fọwọ́ sí i. Ìwé náà á béèrè irú ohun èlò orin tí ọmọ fẹ́ kọ́. Ìgbà mìíràn, ọmọ yín á fọwọ́ tọ́ka sí èyí tó tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ, tí wọ́n ń pè ní cello, tí àwa á máa pè ní ṣẹ́lò. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá á ní, “Kí lo fẹ́ fi èyí jẹ? Ṣé torí kí o lè di alágbe la ṣe sọdá òkun?” Ìyá á ní ibo ni wọ́n fẹ́ gbé e sí nínú ilé oníyàrá méjì. Ìwé náà á wà lórí tábìlì títí ọjọ́ rẹ̀ á fi kọjá, ọ̀rọ̀ tán.

Kí ìwé tiyín tó sùn sórí tábìlì, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọmọ Èkìtì kan fún yín.

Ká tó débẹ̀, kí ni ṣẹ́lò gan-an? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá dàgbà sí ìgbà Yusuf Ọlátúnjí, Bàbá L'Ẹ́gbàá, tó di olóògbé ní 1978, ẹ mọ gòjé tó máa ń sunkún nínú orin sákárà. Okùn kan ṣoṣo ni gòjé ní, ọ̀pá onírun ẹṣin ni wọ́n sì fi ń fà á tó fi ń sọ̀rọ̀. Ọwọ́ àwọn Haúsá la ti gbà á, a sì sọ ọ́ di tiwa. Ẹ̀gbọ́n gòjé ni ẹ pe ṣẹ́lò. Òun náà, irun ìrù ẹṣin ni wọ́n fi ń fà á, ṣùgbọ́n okùn mẹ́rin ló ní, ó ga tó mítà kan lé díẹ̀, ẹni tó ń ta á á jókòó, á sì fi orúnkún méjèèjì gbá a mọ́ra. Ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ìgbà 1500 sí 1600. Ohùn rẹ̀ sún mọ́ ohùn èèyàn gan-an, ohùn àgbà ọkùnrin tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́.

Ẹnjiníà ni mí, mi ò lè rí ohun tó ń ṣiṣẹ́ kí n má wo inú rẹ̀. Nínú ṣẹ́lò, igi kékeré kan wà tó dúró láàárín àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀. Wọn ò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, wọn ò kàn án níṣòó. Agbára okùn tí wọ́n fà le ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Òun ló ń gbé ohùn láti iwájú lọ sẹ́yìn. Bí igi yẹn bá ṣubú, ṣẹ́lò ò dún dáadáa mọ́, kódà àyà rẹ̀ lè là. Àwọn ará Fáráńsé àti Ítálì ń pe igi yìí ní ọkàn ohun èlò náà. Ẹ rántí igi náà, torí ọmọ tó fẹ́ fi ṣẹ́lò rìn káyé nílò ohun tó dúró bẹ́ẹ̀ nínú òun náà.

Ó yá, ká padà sórí ọmọ Èkìtì. London ni wọ́n bí Túndé Jẹ́gẹ́dẹ́ sí ní 1972. Bàbá rẹ̀, Emmanuel Táíwò Jẹ́gẹ́dẹ́, ọmọ Ayégbajú-Èkìtì, agbẹ́gilére ni, akéwì sì ni pẹ̀lú. Ó ṣiṣẹ́ ọnà ní Keskidee Centre ní Islington, tí í ṣe ilé àṣà àkọ́kọ́ fún àwọn èèyàn dúdú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ igi, tí wọ́n ti ń ké ewì, tí wọ́n ti ń lu ìlù, ni ọmọ náà ti gbọ́n. Ẹ ò rí i pé kò ṣàjèjì sí iṣẹ́ ọnà.

Ó kọ́ ṣẹ́lò ní Purcell School, ó sì tún lọ sí Guildhall School of Music and Drama, ilé ẹ̀kọ́ ńlá méjèèjì tí wọ́n ti ń kọ́ orin àwọn Bach àti Beethoven. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Láti nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ti rìnrìn àjò lọ sí Gáńbíà, tó jókòó sẹ́sẹ̀ Amadu Bansang Jobarteh, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú títa kora. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní aládùúgbò ará Gáńbíà tàbí Málì ní Highbridge níbí, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbọ́ kora níbi ìkómọ wọn: igbá ńlá tí wọ́n fi awọ màlúù bò, tó ní okùn mọ́kànlélógún. Àwọn jali ló ń ta á, àwọn tó ń pa ìtàn ọba àti ìdílé mọ́ látìran dé ìran. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí jali jẹ́, ẹ ronú kan àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́.

Ọmọ Yorùbá ni Túndé, kì í ṣe ọmọ ilé jali, síbẹ̀ àgbà náà kọ́ ọ. Báyìí ló ṣe di ẹni tó ní ẹ̀kọ́ méjì: èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé ní Yúróòpù, àti èyí tí wọ́n ń ti ẹnu gbà ní Áfíríkà. Kò sọ ìkan nù torí ìkejì. Ní 1994, ó kọ ìwé kan tó pè ní African Classical Music and the Griot Tradition, níbi tó ti ṣàlàyé pé Áfíríkà náà ní orin ìjìnlẹ̀ tirẹ̀, tó ní òfin, tó ní ìtàn, tó ní ọ̀gá. Ní 1995, BBC gbé fíìmù jáde lórí iṣẹ́ rẹ̀, Africa I Remember. Ó dá ẹgbẹ́ African Classical Music Ensemble sílẹ̀. Ó ti ta ṣẹ́lò àti kora ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, ó ń kọ orin fún ẹgbẹ́ onífáólìnì, nígbà tó sì yá ó padà sí Èkó, ó ṣe olùdarí iṣẹ́ ọnà ní MUSON Centre ní Onikan. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Sona Jobarteh, òun náà kọ́ ṣẹ́lò ní London kó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nídìí kora, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Gáńbíà ní 2015.

Ẹ lè sọ pé ti Túndé yẹn yàtọ̀, ọmọ ayàwòrán ni. Ó dáa, ẹ wo ti Sheku Kanneh-Mason. Ìyá rẹ̀ tan mọ́ Sierra Leone, bàbá rẹ̀ tan mọ́ Antigua. Nottingham ni wọ́n ń gbé, ọmọ méje ni wọ́n bí, gbogbo wọn ló ń ṣe orin. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba lásán ni Sheku lọ, ọjọ́ Sátidé ló máa ń lọ kọ́ orin ní Royal Academy ní London. Ní 2016 ó gba ipò kìíní nínú ìdíje BBC Young Musician, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á láti 1978 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2018, ó ta ṣẹ́lò níbi ìgbéyàwó Prince Harry, gbogbo ayé ń wò ó. Ní 2020, àwo orin Elgar rẹ̀ wọ inú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí atáṣẹ́lò kankan tó ti ṣe irú rẹ̀ rí níbẹ̀.

Mi ò wá tan yín jẹ o. Ọ̀nà yìí le. Nínú ẹgbẹ́ olórin ńláńlá Amẹ́ríkà, ìwádìí League of American Orchestras fi hàn pé ní 2014, aláwọ̀ dúdú ò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún olórin. Bí àyè kan bá ṣí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ló máa ń du ú. Ẹni tó ń fi ṣẹ́lò rìn káyé, àga méjì ló máa ń rà nínú ọkọ̀ òfuurufú, ìkan fún ara rẹ̀, ìkan fún ṣẹ́lò, torí kò ní fẹ́ kí wọ́n jù ú sínú ẹrù. Ọ̀pọ̀ olórin ló ń fi ẹ̀kọ́ kíkọ́ ọmọ kún owó tó ń wọlé. Ẹni tó bá sọ fún yín pé owó kíákíá wà níbẹ̀, irọ́ ló ń pa.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí nìyí. Bí wọ́n ṣe ń tọ́ atáṣẹ́lò, àwa Yorùbá mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ẹ wo ìdílé Àyàn. Ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyáàlù. Omele ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé fún un, á máa tẹ̀ lé àwọn àgbà ròde, á máa gbọ́, wọ́n á máa bá a wí, títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Ṣẹ́lò náà nìyẹn. Ó ní kékeré fún ọmọdé, ìdámẹ́rin, ìdajì, ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin, kó tó kan odindi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi kọ́ra. Ọ̀gá kan ló ń tọ́ ọmọ sọ́nà. Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò. A kì í béèrè lọ́wọ́ ọmọ Àyàn pé kí ló fẹ́ fi omele jẹ. A mọ̀ pé sùúrù, etí tó gbọ́ ọ̀rọ̀, àti ọwọ́ tí kì í ṣọ̀lẹ ló ń kọ́. Ọmọ tó bá ní mẹ́ta yìí, bó bá padà di dókítà tàbí ẹnjiníà, kò pàdánù ohunkóhun.

Nítorí náà, kí ni òbí lè ṣe? Ẹ má tíì ra ṣẹ́lò. Ẹ béèrè bóyá ilé ẹ̀kọ́ á yá ọmọ ní tiwọn. Bí kò bá sí, ẹ yá a lóṣooṣù lọ́wọ́ àwọn tó ń yáni, torí ọmọ á dàgbà ju kékeré lọ láìpẹ́. Ní ti àwọn ará ìsàlẹ̀ ilé, rọ́bà kékeré kan wà tí wọ́n ń fi há ibi tí okùn gbé gùn lórí igi, ohùn á sì lọ sílẹ̀. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú, ẹ dá àkókò kan tí ọmọ á máa fi kọ́ra, kó má kọjá aago mẹ́jọ alẹ́. Tí ọmọ bá fi hàn pé òun fẹ́ ẹ lóòótọ́, Juilliard ní ètò ọjọ́ Sátidé tó ń jẹ́ Music Advancement Program. Tó bá tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, Celia Cruz Bronx High School of Music wà ní Bronx níbí, LaGuardia wà ní Manhattan. Ti ìjọba ni méjèèjì, ẹ ò ní san owó ilé ẹ̀kọ́, àmọ́ ọmọ á kọ́kọ́ ta ohun èlò rẹ̀ kí wọ́n tó mú un. Ọkọ̀ B tàbí D láti 167th Street á gbé yín dé 59th Street láìpààrọ̀ ọkọ̀, ẹ ò sì jìnnà sí Juilliard àti Carnegie Hall mọ́.

Ohun tó kù, ilé yín ló wà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ gòjé Yusuf Ọlátúnjí. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ dùndún àti oríkì ilé bàbá rẹ̀. Afárá High Bridge tí wọ́n fi ń pe àdúgbò wa, tí wọ́n parí ní 1848 láti gbé omi wọ Manhattan, ilẹ̀ méjèèjì ló tẹ̀ mọ́ tó fi dúró. Ṣẹ́lò Túndé Jẹ́gẹ́dẹ́ rìn jìnnà torí pé ohun kan dúró nínú rẹ̀ tí wọn ò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Bí ìwé ilé ẹ̀kọ́ bá dé ní oṣù kẹsàn-án, ẹ pe ọmọ yín jókòó, ẹ bi í léèrè, ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dáhùn.

Ó dọjọ́ mìíràn. Ire o.