Ìsoríkọ́ Lára Àwọn Tó Ní Àrùn Awọ Psoriasis
Psoriasis kì í ràn, kì í sì í lọ tán. Ètò ààbò ara, tó yẹ kó máa bá àìsàn jà, ló kọjú ìjà sí ara fúnra rẹ̀. Awọ tó yẹ kó lò tó oṣù kan kó tó di tuntun á máa sáré yọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ibẹ̀ á wú, á nípọn, á máa yún, ìpẹ́ funfun á sì máa ṣí lórí rẹ̀, pàápàá ní ìgúnpá, orúnkún àti orí. Lára aláwọ̀ dúdú, ojú ibẹ̀ kì í sábà pọ́n, ńṣe ló máa ń ṣú, èyí ló ń mú kí àwọn kan ṣì í mú fún làpálàpá.

Lọ́dún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán, 100 mílíọ̀nù èèyàn ló ní in. Ìsoríkọ́ tó ń bá a rìn kò hàn sójú bí ìpẹ́. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2010 láti inú àkọsílẹ̀ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ewu ìsoríkọ́ lára àwọn tó ní psoriasis fi ìdá 39 nínú 100 ju ti ẹni tí kò ní in lọ. Fún àwọn tí tiwọn le, ó tó ìdá 72.

Ìtìjú wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kí ìpẹ́ máa já bọ́ sórí èjìká aṣọ dúdú láàárín èèyàn, kí èèyàn máa wọ aṣọ alápá gígùn nínú oòrùn, kí onígbàjámọ̀ wo orí ẹni kó sì gbé abẹ rẹ̀ sílẹ̀: ọ̀rọ̀ kékeré kọ́. Ara yíyún kì í sì í jẹ́ kí wọ́n rí oorun sùn. Àmọ́ àṣìṣe ńlá ni kéèyàn rò pé ìtìjú nìkan ni. Àwọn èròjà tí ètò ààbò ara ń tú jáde, irú bíi TNF, máa ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, iṣẹ́ wọn sì máa ń dé ọpọlọ. Nígbà tí wọ́n ń fi interferon, tóun náà wà lára irú èròjà bẹ́ẹ̀, wo àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis C, àwọn aláìsàn kan tí ìsoríkọ́ kò ṣe rí kó sínú rẹ̀. Lọ́dún 2006 ẹ̀wẹ̀, wọ́n dán etanercept, abẹ́rẹ́ tó ń dí TNF lọ́wọ́, wò lára èèyàn 618 tó ní psoriasis. Ìsoríkọ́ àwọn tó gbà á fúyẹ́ ju ti àwọn tó gba abẹ́rẹ́ aláìlóògùn, bí awọ wọn ṣe ń dán sí i nìkan kò sì tó láti ṣàlàyé rẹ̀.

Ọkàn náà ń dá tirẹ̀ padà sára awọ. Àníyàn máa ń ru àrùn yìí sókè, ẹni tí ọkàn rẹ̀ sì ti rẹ̀wẹ̀sì kì í rójú fi ìpara ra ara déédéé.

Ìdí nìyí tí ìlànà tí àjọ NICE gbé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2012 fi ní kí dókítà tó ń yẹ psoriasis wò yẹ ìsoríkọ́ náà wò. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni wọ́n sábà máa ń lò, lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá: oorun, oúnjẹ, ìfẹ́ sí nǹkan, títí dórí èrò àtikú. Ìtọ́jú ìsoríkọ́ jẹ́ ìjíròrò pẹ̀lú onímọ̀ nípa ọkàn, oògùn, tàbí méjèèjì. Dókítà awọ àti ti ọpọlọ sì gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ara wọn yé, torí pé lithium, tó wà fún ọpọlọ, lè mú psoriasis le sí i, ìkìlọ̀ nípa èrò àtipa ara ẹni sì wà lára brodalumab, abẹ́rẹ́ psoriasis tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2017.