Ẹni Tó Ti Sin Àrọ̀ Rí

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ilé ní Agége àti Ògbà, àgbá tàbí kòtò sìmẹ́ńtì wà tí àrọ̀ ń yí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti sin àrọ̀ rí mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sin ẹja fún ẹwà kò mọ̀: omi là ń sìn, ẹja kàn ń gbé inú rẹ̀ ni. Bí omi bá ti ń rùn, ẹni náà kì í dúró kí ẹnikẹ́ni sọ fún un kó tó ṣí páìpù.

Ìmọ̀ yìí wúlò nídìí gíláàsì omi iyọ̀, níbi tí ẹja òkun àti ààyè iyùn ti ń gbé pọ̀ nínú pálọ̀. Ìbátan iyùn tí ìyàwó ń so mọ́rùn ni àwọn ààyè iyùn yìí. Ẹranko ni wọ́n, eegun tí wọ́n ń kọ́ ló le bí òkúta. Àmọ́ àrọ̀ a máa dárí jini. Bí Nẹ́pà bá múná lọ tí omi sì wúwo, yóò yọrí sókè, yóò mí afẹ́fẹ́ ayé. Iyùn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, owó iyùn àkọ́kọ́, ẹ fi ra bátìrì àti ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ná. Èrò tèmi nìyẹn. Ẹni tó ń ta iyùn lè má sọ ọ́ fún yín.

Omi kànga dẹ̀rọ àdúgbò wa sábà máa ń ní irin nínú, ẹ wo garawa tó ti pọ́n nísàlẹ̀. Àrọ̀ kò ka ìyẹn sí. Ti iyùn, omi tí ẹ̀rọ RO (reverse osmosis) ti sẹ́ dáadáa là ń lò, irú ẹ̀rọ tí àwọn kan lára àwọn tó ń ṣe píọ́ wọ́tà ní. A ó po iyọ̀ òkun mọ́ ọn, bíi gíráàmù 35 sí lítà kan. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò ní kálísíọ́ọ̀mù tí iyùn fi ń kọ́ eegun. Bí omi bá ń gbẹ, omi RO tí kò ní iyọ̀ là ń fi kún un, torí iyọ̀ kì í bá oru lọ.

Lọ́dún 1961, Lee Chin Eng, ará Jakarta, kọ̀wé nípa bó ṣe ń ṣe gíláàsì omi iyọ̀ tirẹ̀: omi òkun, òkúta inú òkun pẹ̀lú gbogbo ohun abẹ̀mí ara rẹ̀, àti afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó ń hó. Ooru Jakarta kò yàtọ̀ sí ti Èkó, ṣùgbọ́n iyùn wà nínú òkun wọn. Tiwa, iyanrìn àti omi ọ̀sà kò jẹ́. Òkúta gbígbẹ là ń rà, a ó sì dúró kí kòkòrò àìfojúrí wá gbé inú rẹ̀.

Ìdúró yẹn ló le. Oúnjẹ tó jẹrà yóò di amóníà. Kòkòrò kan yóò sọ ọ́ di nitrite. Òmíràn yóò sọ nitrite di nitrate, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ kan yóò bo iyanrìn àti gíláàsì. Bí ẹ fìka kàn án, á ṣí bí eruku. Tó bá dọ̀la, ó ti padà. Ọwọ́ ẹni tó sin àrọ̀ yóò máa yún un láti da gbogbo omi nù. Kó má dán an wò o! Silicate inú omi ni nǹkan náà ń jẹ. Bó bá jẹ ẹ́ tán, á lọ fúnra rẹ̀. Pípààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá omi lọ́sẹ̀ ti tó.

Ẹ ra tẹmómítà. Bí omi bá ń kọjá 30 lórí ìwọ̀n Celsius fún ìgbà pípẹ́, iyùn yóò lé ewéko tíntìntín tó ń gbé ara rẹ̀, tó sì ń bọ́ ọ, jáde, yóò sì funfun. Fáànù tó dojú kọ omi a máa ràn án lọ́wọ́. Oògùn ẹja tó ní bàbà nínú kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ rárá: edé àti ìgbín òkun ló máa kọ́kọ́ kú.

Iyùn rírọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń sin iyùn máa ń ka zoanthid mọ́ wọn, ó rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn nínú rẹ̀ ní májèlé palytoxin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2018, májèlé yìí gbé odidi ìdílé kan dé ọsibítù lẹ́yìn tí wọ́n fọ gíláàsì wọn. Ìbọ̀wọ́ ni kí ẹ wọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan zoanthid, ẹ má sì se òkúta rẹ̀ nínú omi gbígbóná láé.